Kewa, Zuni àbí Hopi: Èwo Lẹ Máa Rà Nínú Ohun Ọ̀ṣọ́ Turquoise àti Fàdákà Àwọn Pueblo?

Ẹ̀gbà ọwọ́ tí mo kọ́kọ́ rà ní New Mexico, ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ọjà ibẹ̀. Òkúta rẹ̀ búlúù, ó ń dán gbinrin, owó rẹ̀ sì ga díẹ̀, èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ojúlówó ni. Lọ́jọ́ kejì mo wọ bùbá funfun, oòrùn mú, mo làágùn. Nígbà tí màá fi bọ́ ẹ̀gbà náà, ìlà búlúù kan ti yí etí ọwọ́ bùbá mi ká, bí ìgbà tí àdìrẹ tí kò tíì gbẹ bá kan aṣọ. Mo wo ẹ̀yìn òkúta náà níbi tó ti ké díẹ̀: funfun báláú ni inú rẹ̀. Òkúta funfun kan ni wọ́n pa láró, tí wọ́n tà fún mi ní turquoise, òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù.

Ó dùn mí gan-an, torí mo ti pinnu pé ìyá mi ni màá fún. Láti ìgbà yẹn, mo ti padà sí àgbègbè náà léraléra, mo jókòó ti àwọn tó ń ṣe é, mo sì béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó yé mi ni pé àwọ̀ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa wò. Ìlú tó ti wá àti ọwọ́ tó ṣe é ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í bi.

“Pueblo” fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ará Sípéènì ni, ìlú ló sì túmọ̀ sí. Àwọn Pueblo, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, jẹ́ ará ìlú látìgbà ìwáṣẹ̀. Ìlú 19 ni wọ́n ní ní New Mexico lónìí, àwọn Hopi sì wà ní Arizona. Èdè wọn ò jọra, iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà ò jọra. Ẹni tó bá sọ pé “iṣẹ́ Pueblo” lòun fẹ́ rà dà bí ẹni tó ní “aṣọ Yorùbá” lòun fẹ́. Ṣé òfì Ìsẹ́yìn ni, àbí àdìrẹ Abẹ́òkúta, àbí ti Òṣogbo? Mẹ́ta nínú wọn ni mo máa gbé síra wọn níbí, torí àwọn ni ọjà wọn pọ̀ jù níta, àwọn sì ni wọ́n ń ṣe ayédèrú wọn jù.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni Kewa fi ń yangàn

Kewa, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Santo Domingo, wà láàárín Albuquerque àti Santa Fe. Kò jìnnà sí àwọn òkè Cerrillos, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn Pueblo ti ń wa turquoise fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni iṣẹ́ wọn, ìlẹ̀kẹ̀ sì ti wà kí fàdákà tó dé. Nínú àwókù Pueblo Bonito ní Chaco Canyon, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé turquoise làwọn awalẹ̀pìtàn bá nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n sin òkú sí. Heishi ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ Kewa. Ìkarawun lọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè wọn, torí ìkarawun òkun ni wọ́n fi ń ṣe é, kí wọ́n tó máa sín turquoise mọ́ ọn.

Mo wo ọkùnrin kan tó ń ṣe é láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ó fọ́ ìkarawun sí wẹ́wẹ́, ó fi ẹ̀mú gé e sí igun mẹ́rin mẹ́rin tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó lu ihò sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sín wọn sórí wáyà. Títí dé ibẹ̀, kò tíì sí ẹwà kankan níbẹ̀; ó rí ṣágiṣàgi bí eegun ẹ̀yìn ẹja. Lẹ́yìn náà ló gbé wáyà yẹn ti òkúta ìlọ̀ tó ń yí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i síwá sẹ́yìn, eruku funfun ń bo apá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ara ìlẹ̀kẹ̀ náà ló ń lọ yẹn o. Èyí tó pọ̀ nínú ìkarawun ló máa ń di eruku kí ìyókù tó di róbótó. Nígbà tó parí, ó ní kí n di ojú, kí n fà á gba àárín ìka mi. Ó yọ̀ lọ bí ejò, ẹyọ kan kò kọ́ mi lọ́wọ́. Láyé àtijọ́, igi tí wọ́n ń fi okùn fà sókè sódò ni wọ́n fi ń lu ihò náà, orí òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà n'Ílọrin, tí wọ́n fọwọ́ lu òkúta pupa títí tó fi ṣeé sín, á mọ irú sùúrù tí mò ń wí.

Ìdánwò heishi nìyẹn, kò sì gba ẹ̀rọ: ẹ fà á gba àárín ìka. Tó bá ń họ yín, tàbí tí ihò rẹ̀ tóbi tó fi ń mì lórí okùn, iṣẹ́ tí wọ́n kánjú ṣe ni. Láti nǹkan bí ọdún 1970 sókè ni heishi Filipíìnì ti kún ọjà, òun náà sì lè yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ìdánwò yìí nìkan kò tó. Ẹ ṣì máa bi ẹni tó ṣe é.

Bí ẹ bá rí okùn ìlẹ̀kẹ̀ méjì kéékèèké tó rọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀gbà ọrùn àtijọ́, jacla ni wọ́n ń pè é. Yẹtí ni tẹ́lẹ̀. Tí wọn ò bá fi sétí, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀gbà ọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó kúrò ní Kewa, torí ó máa ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn ará Kewa kò rówó ra òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní jet. Wọ́n wá gé ike dúdú ara bátìrì mọ́tò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n tò ó mọ́ ègé turquoise, wọ́n fi ya ẹyẹ sórí ẹ̀gbà ọrùn. Ike ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ Kewa gidi ni, àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ sì ń wá a lójú méjèèjì. Ẹ má fi ojú ayédèrú wo ti àtijọ́ nítorí ike nìkan.

Zuni: fàdákà ni ìjókòó, òkúta ni ọba

Zuni wà ní ìwọ̀-oòrùn New Mexico, ní gúúsù Gallup. Alágbẹ̀dẹ kan láti inú ẹ̀yà Navajo, tó ń jẹ́ Atsidi Chon, ló kọ́ Lanyade, ọmọ Zuni, níṣẹ́ fàdákà ní nǹkan bí ọdún 1872. Ní nǹkan bí 1898, Lanyade náà kọ́ Sikyatala, ọmọ Hopi. Orísun kan náà ni wọ́n ti pọn omi, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí kálukú fi sè yàtọ̀.

Navajo kì í ṣe Pueblo, bẹ́ẹ̀ orí igbá kan náà ni wọ́n sábà máa ń pàtẹ ọjà wọn sí, nítorí náà ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn. Iṣẹ́ Navajo sábà máa ń ní fàdákà tó nípọn, tó wúwo, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ irin lù lọ́nà, pẹ̀lú òkúta ńlá kan tàbí méjì. Fún Navajo, fàdákà ni aṣọ, òkúta ni bọ́tìnì. Fún Zuni, òkúta ni aṣọ, fàdákà ni òwú tí wọ́n fi rán an.

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Èkíní ni kí wọ́n gé òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n tò ó yí ká bí ìtànná. Tí òkúta náà bá rí bí ẹ̀kán omi, petit point ni. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ṣóńṣó lórí nídìí bí abẹ́rẹ́, needlepoint ni. Ẹ fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó dáadáa. Òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní àwo fàdákà tirẹ̀ àti etí fàdákà tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára kó má baà jábọ́. Ohun ọ̀ṣọ́ àyà kan lè ní ju 100 òkúta lọ, tí wọ́n sì dọ́gba délẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé wọn ò pín etí fàdákà fún òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, pé abala fàdákà kan tí wọ́n dà sí àpẹẹrẹ ni wọ́n lẹ òkúta mọ́, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ sanwó Zuni lé lórí.

Ọ̀nà kejì ni àtòpọ̀: turquoise, ìkarawun funfun, jet dúdú àti iyùn pupa, tí wọ́n gé débi pé wọ́n wọnú ara wọn láìsí àlàfo, tí wọ́n fi ya ojú oòrùn tàbí ẹyẹ. Nígbà míì wọ́n á fi ògiri fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ pín òkúta kan sí èkejì. Iyùn yẹn wú mi lórí nígbà tí mo gbọ́ ibi tó ti wá: òkun Mẹditaréníà ni, ibi kan náà tí àwọn oníṣòwò ti ń kó iyùn wá fún àwọn ọba ilẹ̀ wa àti ti Ẹ̀dó láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pupa ni iyùn. Ìkarawun kan wà láti etíkun Mẹ́síkò tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, òun náà lẹ́wà, owó rẹ̀ ni kò tó ti iyùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á dárúkọ rẹ̀ gan-an.

Zuni náà ló ni ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n sín ère ẹranko wínníwínní mọ́: béárì, ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́. Leekya Deyuse, tó kú ní 1966, ni wọ́n ń dárúkọ jù nínú àwọn tó ń gbẹ́ ère òkúta yìí, ayédèrú iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tó dájú kò gbọ́dọ̀ gbowó Leekya lọ́wọ́ yín.

Hopi: ibi tí òkúta lè má sí rárá

Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ Hopi kò ní turquoise kankan. Páànù fàdákà méjì ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á fi ayùn tín-ín-rín gé àwòrán jáde lára ti òkè, bí ìkùukùu, àgbàdo, ìgbì omi tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ béárì; wọ́n á jó o mọ́ ti ìsàlẹ̀, wọ́n á wá sọ inú ibi tí wọ́n gé di dúdú. Fàdákà funfun lórí, òkùnkùn nísàlẹ̀.

Ọ̀nà yìí kò pẹ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of Northern Arizona ló gba àwọn Hopi níyànjú ní nǹkan bí 1938 pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí kò ní jọ ti Navajo àti Zuni. Ogun àgbáyé kejì dá a dúró. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hopi padà délé, Paul Saufkie àti Fred Kabotie kọ́ wọn níṣẹ́ láti 1947, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ alájọṣe wọn, Hopi Silvercraft Cooperative Guild, sílẹ̀ ní 1949.

Láti dá ojúlówó mọ̀, ẹ wo inú ibi dúdú náà. Nínú iṣẹ́ Hopi, ẹ ó sábà rí ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi irin kọ sílẹ̀ láti jẹ́ kí ìsàlẹ̀ má dán, etí ibi tí ayùn gbà á sì mú, ó dúró ṣánṣán. Ayédèrú tí wọ́n dà sínú àpẹẹrẹ, etí rẹ̀ máa ń yọ́ róbótó bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò.

Ẹni tó bá fẹ́ Hopi tó sì tún fẹ́ turquoise, Charles Loloma ló ṣí ọ̀nà yẹn. Ó kú ní 1991. Ó to òkúta gíga àti kúkúrú sórí ẹ̀gbà ọwọ́, ó lo wúrà, ó sì tún máa ń fi òkúta sí inú ẹ̀gbà náà, ní apá tó kan ara, níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ti mọ̀ pé ó wà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo ti rí lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n àwọn Hopi tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ṣì ń tọ ọ̀nà náà.

Tí a bá wọ̀ wọ́n

Lójoojúmọ́, Hopi ló rọrùn jù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò kọ́ nǹkan, ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Needlepoint Zuni, tí ẹ bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú léèsì, á máa kọ́ ọ, òkúta kan sì lè jábọ́ láìmọ̀. Tọ́jú ẹ̀ fún òde. Heishi Kewa ni mo rò pé ó bá aṣọ wa mu jù. Okùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kò sí ẹni tí kò ní béèrè ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston tàbí Dallas, ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Òkúta fúnra rẹ̀

Bàbà ló ń fún turquoise ní búlúù rẹ̀, irin ló ń fà á sí àwọ̀ ewé. Kò le púpọ̀: 5 sí 6 ló jẹ́ lórí òṣùwọ̀n Mohs, níbi tí dáyámọ́ńdì ti jẹ́ 10. Èyí tó rọ̀ sì pọ̀ ju èyí tó le lọ, ibi tí ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí wọ́n wà jáde, tí wọ́n gé, tí wọ́n dán, tí wọn ò fi nǹkan kan kún un, òun ni “natural”. Owó rẹ̀ ló ga jù. “Stabilized” ni èyí tó rọ̀ tí wọ́n mú kó fa oje ike mu kó lè le. Mi ò ka èyí sí ayédèrú, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló ń lò ó, pàápàá fún àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ sán. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n sọ fún mi, kí owó rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti wá fi aró kún oje náà, mi ò sí níbẹ̀ mọ́. “Block” burú jù ú lọ: wọ́n lè lọ turquoise kúná pọ̀ mọ́ ike, wọ́n sì lè má fi turquoise kankan sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn ni howlite tàbí magnesite, òkúta funfun tí wọ́n pa láró, irú èyí tó ba bùbá mi jẹ́.

Ẹ fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: òkúta á tutù, ike á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wo ihò ìlẹ̀kẹ̀ náà tàbí ibi tó ti ké, bóyá funfun ló wà nísàlẹ̀. Ẹ wo ìlà dúdú tó ń gba inú òkúta kọjá: tó bá rí bákan náà lára gbogbo ẹyọ, ẹ fura. Àwọn kan máa ń ní kí á fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un kí á lè gbóòórùn ike. Ẹ má dán an wò lórí ọjà ọlọ́jà.

Tí ẹni tó ń tà á bá ní Sleeping Beauty ni, ẹ mọ̀ pé ìwakùsà yẹn, tó wà nítòsí Globe ní Arizona, ti dáwọ́ turquoise dúró ní 2012. Àwọn Zuni fẹ́ràn rẹ̀ torí búlúù rẹ̀ mọ́ bí ojú sánmà, kò ní ìlà dúdú. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ti kó o pamọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, kì í ṣe òun.

Ọwọ́ ta ló ṣe é?

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ta ọjà bí iṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtanràn ẹnì kan lè tó $250,000, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àwọn agbófinró ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní New Mexico nítorí ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣe ní Filipíìnì tí wọ́n ń tà bíi ti ọmọ ìbílẹ̀. Nítorí òfin yìí, àwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè máa ń kọ “Zuni style” tàbí “Southwest style” sára ọjà. Ọ̀rọ̀ “style” yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀: ó jọ ọ́ ni, kì í ṣe òun.

Èmi kì í rà á mọ́ láì gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ìlú rẹ̀, irú òkúta àti fàdákà sí. Fàdákà 925 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn ni pé ìdá 925 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ohun tí wọ́n ń pè ní “German silver” kò ní fàdákà kankan nínú. Àmì orúkọ lẹ́yìn ọjà dára, àwọn Hopi sì sábà máa ń fi àmì ìdílé wọn sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Zuni àtijọ́ ni kò ní àmì, ìyẹn kò sọ wọ́n di irọ́.

Ibi tó fọkàn mi balẹ̀ jù ni abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Palace of the Governors ní Santa Fe. Orí aṣọ nílẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ sí, wọ́n á mú kèké láàárọ̀ láti mọ ẹni tó máa jókòó níbo, òfin sì ni pé ẹni tó ń tà á tàbí ará ilé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo bi ìyá kan níbẹ̀ pé ta ló gé àwọn òkúta inú òrùka kan. Ó yí òrùka náà padà, ó fi àmì inú rẹ̀ hàn mí: lẹ́tà ọkọ rẹ̀ àti tirẹ̀. Ọkọ ń gé òkúta, ìyàwó ń jó fàdákà. Ìdajì wákàtí ló fi ṣàlàyé fún mi láì bi mí bóyá màá rà á. Wọ́n ní ẹni tó mọ wúrà là á tà á fún. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n, ó sì kọ́ mi. Nítorí náà mi ò nájà. Ẹni tó ṣe nǹkan ló wà níwájú yín, ẹ rọra.

Indian Pueblo Cultural Center ní Albuquerque, tó jẹ́ ti àwọn ìlú 19 náà, tún dára, bẹ́ẹ̀ ni Indian Market tí wọ́n ń ṣe ní Santa Fe ní oṣù kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1922. Tí ẹ bá lọ sí Kewa gan-an, bóyá fún ọdún wọn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ tí wọ́n máa ń jó ijó àgbàdo, ẹ fi fóònù sápò. Wọn kì í gba àwòrán yíyà láyè.

Èyí tí mo rà fún ìyá mi

Heishi ni, okùn kan ṣoṣo, ìkarawun àwọ̀ ilẹ̀ tí ègé turquoise márùn-ún wà láàárín rẹ̀, èyí tó fà sí àwọ̀ ewé díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba ohun ìdè ìgbànú Hopi. Tó bá jẹ́ ìyàwó ni mo fẹ́ rà á fún lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òrùka needlepoint Zuni ni màá mú, màá sì sọ fún un pé kó máa bọ́ ọ kó tó fọ abọ́.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn kò jọra. Turquoise ń fa epo: òrí, ìpara àti lọ́fíńdà á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, torí náà ẹ para tán kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Zuni ò gbọ́dọ̀ rẹ sínú omi. Okùn heishi máa ń jẹ; ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ẹ tún un sín kó tó já. Ní ti Hopi, ẹ má ṣe rì í bọ inú omi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ fàdákà láéláé. Á bó dúdú inú rẹ̀ lọ pátápátá, páànù funfun ló máa kù. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nu orí rẹ̀ nìkan.